Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìṣínu Gbogbo Àdúgbò, Pẹ̀lú Oúnjẹ àti Orin Wéré

Ìṣínu tí gbogbo àdúgbò jọ ń ṣe nínú oṣù Rámàdánì kò jọ ìnáwó yòókù tí a ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ ìkómọ tàbí ìgbéyàwó ni, a lè kọ aago méjìlá sára ìwé ìpè kí àlejò sì máa dé ní aago méjì, kò sí ẹni tí yóò bínú. Oòrùn kì í dúró de alága ìjókòó. Ní ìṣẹ́jú tí ó bá wọ̀, ẹni tí kò tíì fi omi kan ẹnu láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ní ẹ̀tọ́ láti ṣínu, kò sì yẹ kí a dá a dúró nítorí pé àkàrà kò tíì jinná tàbí pé ènìyàn pàtàkì kan ṣì wà lójú ọ̀nà. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí wọn yóò pe ìrun Ìṣáì, kò ju bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ní agbègbè wa. Inú àlàfo kékeré yẹn ni dàbínù, ìrun Màgàríbà, ògì, oúnjẹ gidi, ìkíni àti orin gbọ́dọ̀ wọ̀ sí. Ìlú Ìbàdàn ni mo ti ń bá wọn lọ́wọ́ sí irú ètò yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn àpẹẹrẹ mi ti wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Ẹdẹ, ní Ìwó, ní Èkó tàbí ní Ìlọrin lè lò ó pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mú ọjọ́, kí ẹ sì mọ ìṣẹ́jú tí oòrùn yóò wọ̀

Ọjọ́ 29 tàbí 30 ni oṣù Rámàdánì máa ń ní, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ṣáájú ti ọdún tí ó kọjá nínú kàlẹ́ńdà tí a ń lò ní ọ́fíìsì. Nítorí náà, ètò ọdún tí ó kọjá kò lè bá ti ọdún yìí mu láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara àwọn ènìyàn kò tíì mọ́ ààwẹ̀ náà, ilé ni oníkálùkù sì fẹ́ wà. Ní ọjọ́ mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn, àwọn tí ó mọ ẹ̀sìn dáadáa ti kó wọ mọ́ṣáláṣí fún ìjọsìn òru, wọn kò ní fẹ́ gbọ́ ariwo àsè. Ọjọ́ Àìkú dára nítorí pé àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kò sì ṣí.

Ẹ gba àkókò ìwọ̀ oòrùn láti ọ̀dọ̀ mọ́ṣáláṣí tí ó wà ní àdúgbò yín gan-an, ẹ má ṣe gbà á láti inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú mìíràn. Bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sí apá ìlà-oòrùn ni oòrùn ń tètè wọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Èkó àti Ìlọrin tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ṣe nǹkan fún ẹni tí ó ti jẹun yó, ṣùgbọ́n bí ará Èkó bá fi àkókò Ìlọrin ṣínu, ó ti ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní Ìbàdàn, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, oòrùn máa ń wọ̀ láàrin aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 50 sí aago méje. Mo fi aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 55 ṣe ìṣirò tí ó wà nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú

Ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe nítorí àdúrà nìkan, ṣùgbọ́n nítorí orin. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti bá àwọn onílù sọ̀rọ̀ tán, ẹ ti fi í sí ipò ẹni tí yóò kàn fọwọ́ sí ohun tí kò dá sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, Mọ́gàjí tàbí Baálẹ̀, àti àgọ́ ọlọ́pàá bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa dí ojú ọ̀nà. Pápá ilé ìwé tàbí iwájú mọ́ṣáláṣí sàn ju ojú títì lọ, nítorí pé ní àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń gbààwẹ̀ ń sáré lọ sílé.

Kí ẹ tó tẹ́ ẹní, ẹ wo ibi tí Kaaba wà. Láti ìhà ibí yìí, ó wà láàrin ìlà-oòrùn àti àríwá, ó sì yẹ kí ìlà ẹní tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó má baà di pé a tún ń ká ẹní nígbà tí ládàánì ti ń pe ìrun. Ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin, kí ó má jẹ́ ẹ̀yìn ìkòkò níbi tí èéfín ti ń fẹ́ lù wọ́n. Àwọn ni wọ́n dáná, àwọn sì ni a sábà máa ń fi sí ibi tí a kò ti gbọ́ ohun tí Lèmọ́mù ń sọ. Fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kẹ́tù àlùwàlá tí kò dín ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti jọ́ọ̀gì omi ńlá méjì ni ó lè mú kí ènìyàn má tò gùn. Ọ̀pọ̀ ni yóò ti ṣe àlùwàlá nílé, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pín ẹrù náà ká

Hádíìsì kan wà tí gbogbo àáfà ń sọ ní oṣù yìí, pé ẹni tí ó bá fún aláàwẹ̀ ní ohun tí ó fi ṣínu yóò gba irú láádá tí aláàwẹ̀ náà gbà, láìjẹ́ pé ohunkóhun dín nínú ti aláàwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí mú kí ó rọrùn láti rí olùrànlọ́wọ́, nítorí pé kò sí ilé tí kò fẹ́ pín nínú láádá náà. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí a má ṣe gba owó bí a bá lè gba nǹkan. Ẹ sọ fún ilé kan pé ẹ̀wà ni tiwọn, fún òmíràn pé òróró, fún òmíràn pé omi. Owó máa ń mú àríyànjiyàn wá lẹ́yìn àsè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé ìṣirò lórí àpò omi tí gbogbo ènìyàn rí tí wọ́n ń mu.

Bí olóṣèlú kan bá fẹ́ rà á fún yín pátápátá, ẹ ronú dáadáa. Ọdún kan wà tí a gba ìrẹsì lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó dé nígbà tí ó kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oòrùn wọ̀, ó gba gbohùngbohùn, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ògì fi di. Láti ìgbà náà ni a ti ṣe é ní òfin pé kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ láàrin ìpè ìrun àti ìgbà tí gbogbo ènìyàn bá ti jẹun, àfi ẹni tí ó ń ṣe àdúrà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oúnjẹ

Ẹ pín oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí a fi ń ṣínu, ohun tí ó ń mú inú gbóná, àti oúnjẹ gidi.

Ohun tí a fi ń ṣínu ni dàbínù àti omi. Ìṣe Ànábì Muhammad ni pé ó máa ń fi dàbínù tútù ṣínu kí ó tó kírun, bí kò bá rí tútù a fi èyí tí ó gbẹ, bí kò bá sì rí dàbínù rárá a mu omi. Ẹyọ mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó; kìlógíráàmù mẹ́ta yóò ká ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ẹ ṣà á, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dì í sínú ọ̀rá pélébé ní ọ̀sán, nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ máa ń wà lára èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò ní ọjà. Omi inú ọ̀rá mẹ́ta fún ẹnì kan, ìyẹn àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí àpò kan bá ní ogún. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sínú yìnyín. Inú tí ó ti ṣófo láti àárọ̀ kì í fẹ́ omi tí ó tutù nini.

Ohun tí ó ń mú inú gbóná ni ògì àti àkàrà, èyí sì ni ọkàn ìṣínu nílẹ̀ Yorùbá. Ìrẹsì lè pẹ́, ẹran lè kéré, a ó máa ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n bí àkàrà bá tán kí ó tó kan ìlà ìkẹyìn, wọn yóò rán yín létí rẹ̀ títí di ọdún Iléyá. Nínú ìṣirò tèmi, kóńgò ẹ̀wà márùn-ún yóò fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní àkàrà mẹ́rin mẹ́rin tí kò tóbi púpọ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà ní àárọ̀, kí ẹ bó o kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́lọ ní nǹkan bí aago mẹ́ta, kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ láti àná, nítorí pé ní oṣù Rámàdánì gbogbo ìyá alákàrà ni ó ń tò síbẹ̀. Kí omi inú rẹ̀ kéré. Ẹni tí ó bá ní agbára apá ni kí ó lù ú títí yóò fi wú, torí pé afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú rẹ̀ ni ó ń mú kí àkàrà fúyẹ́. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ títí di ìgbà tí òróró bá ti gbóná, nítorí pé iyọ̀ máa ń mú kí ó ṣomi. Ẹ fi agbada méjì sí orí iná ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 45, kì í ṣe kí ó tó di ìgbà náà. Àkàrà tí a din ní aago mẹ́rin ti di rọ́bà kí aláàwẹ̀ tó fi kan ẹnu.

Ta ni yóò tọ́ iyọ̀ wò? Àwọn tí ń dáná náà ń gbààwẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ẹni tí ó ń dáná lè fi ahọ́n kan oúnjẹ kí ó sì tu ú dànù bí ó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ẹ mú ẹnì kan tí kò gbààwẹ̀ ní ọjọ́ náà sídìí iná: obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù rẹ̀, ìyá àgbà tí ara rẹ̀ kò gbà á, tàbí aládùúgbò tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ní àdúgbò wa, ìyá kan tí ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni atọ́yọ̀wò wa, wọn kì í sì í gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Ògì ní tirẹ̀ yẹ kí ó tó lítà ogójì fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kí ẹ rò ó kí ó ṣàn díẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń rò ó nílé, nítorí pé yóò máa ki sí i nínú kúlà. Ṣúgà kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ láti ìdí iná. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kí oníkálùkù bu ìwọ̀n tí ó fẹ́, torí pé àwọn tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà wà láàrin yín tí wọn kò ní sọ.

Nípa oúnjẹ gidi, mo mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn yóò bá mi jà, ṣùgbọ́n mo ní kí ẹ má ro àmàlà. Àmàlà fẹ́ gbígbóná, ó fẹ́ omi ìfọwọ́, ó fẹ́ ìjókòó tí ó fara balẹ̀, ogún ìṣẹ́jú péré ni ẹ sì ní. Bákan náà, ẹni tí ó jẹ òkèlè mẹ́jọ kò ní lè tẹ̀ ba nígbà àṣámù, ìyẹn ìrun òru Rámàdánì tí a ń kí lẹ́yìn Ìṣáì. Ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín inú ewé àti ẹran tàbí ẹyin sísè rọrùn láti pín. Ìlọrin ní máásà àti wàrà, wọ́n sì dára púpọ̀ bí ẹ bá rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni kí wàrà ti ọwọ́ Fúlàní dé, kí ẹ sì sè é tàbí kí ẹ din ín, torí pé kì í pẹ́ kan nínú ooru. Kúnú tí a fi atalẹ̀ sí àti sobo tí a fi ìṣápá pupa ṣe yóò bá a lọ. Ẹ fi èso bàrà olómi àti ìbẹ́pẹ kún un bí owó bá gbé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí wákàtí náà yóò ṣe lọ

Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 40, kí gbogbo ènìyàn ti jókòó, kí dàbínù àti omi sì ti wà níwájú wọn. Èyí ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó dákẹ́ jù nínú gbogbo ètò náà, ẹ jẹ́ kí ó dákẹ́. Àdúrà aláàwẹ̀ ní àkókò náà níye lórí, kò sì nílò ẹni tí ń dánu sínú gbohùngbohùn. Ní ìṣẹ́jú 55, ládàánì pe ìrun, gbogbo ènìyàn ṣínu. Nígbà tí yóò fi di aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti wà lórí ìrun Màgàríbà, àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí tàbí tí kò lè kírun sì ni yóò máa bu ògì sínú ife ní àkókò náà, kí ó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá ti sálámà tán, ògì àti àkàrà ti wà nílẹ̀. Aago méje àbọ̀ kì í lù kí oúnjẹ gidi má tíì dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn.

Àwọn ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, ní ẹní tiwọn, kí ẹnì kan tí wọ́n bẹ̀rù sì jókòó tì wọ́n. Àwọn àgbàlagbà tẹ̀ lé e, kí ẹni tí ń pín oúnjẹ máa rìn lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Títò sórí ìlà kò bá wa lára mu lẹ́yìn ààwẹ̀. Bàbá àgbà tí ó di àwo mú lórí ìlà níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní padà wá ní ọdún tí ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: orin

Ní ọdún 2023, àjọ UNESCO fi àṣà ìṣínu sínú àkójọ àjogúnbá tí kì í ṣe ohun àfọwọ́kàn, lórí ìbéèrè tí orílẹ̀-èdè Ìránì, Tọ́kì, Azerbaijan àti Uzbekistan jọ gbé wá. Tiwa kò sí nínú ìbéèrè náà, èyí kò sì sọ pé tiwa kéré. Kí aago orí fóònù tó dé, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń kiri àdúgbò ní òru Rámàdánì pẹ̀lú ìlù àti orin láti jí àwọn ènìyàn sí sààrì. Orin náà ni a mọ̀ sí wéré tàbí ajísààrì, òun sì ni ìyá orin púpọ̀ tí a ń jó sí lónìí. Láti inú rẹ̀ ni Dauda Epo-Akara ti mú awúrebe jáde ní Ìbàdàn; láti inú rẹ̀ náà sì ni Síkírù Àyìndé Barrister (1948 sí 2010), tí ó ti ń kọ wéré láti kékeré ní Èkó, ti mú fújì jáde. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń tẹ ìwé ìpè, ẹ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ náà. A tẹ̀ ẹ́ lọ́dún kan láìfi àmì sí i, àwọn ọmọdé sì ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni wèrè ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo àáfà ni ó fara mọ́ ìlù. Ẹni tí Lèmọ́mù rẹ̀ bá kọ ìlù kò ní láti fagi lé orin: ohùn lásán, pẹ̀lú egbè àti àtẹ́wọ́, ti tó fún wákà, èyí tí ó jẹ́ orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí Bàtílì Àlàkẹ́ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ di ìlú mọ̀ọ́ká. Ìrírí mi ni pé wákà àwọn ìyá máa ń mú ọkàn ju ìlù lọ ní àsìkò yẹn, nítorí pé ó rọ̀, kò sì gba àyè. Bí Lèmọ́mù bá fàyè gba ìlù, sákárà, agogo àti sẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó. Amọ̀ tí wọ́n mọ bí òrùka, tí wọ́n sì fi awọ bò lójú kan ni sákárà. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ onílù ó ti fọ́ nìyẹn, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé sún mọ́ ibi tí wọ́n gbé e sí nígbà tí wọ́n ń kírun.

Kí orin bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ti jẹun tán, ní nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú 40, kí ó sì parí nígbà tí ó bá kù ìṣẹ́jú márùn-ún sí ìpè ìrun Ìṣáì. Èyí jẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú. Ó kéré lójú àwọn akọrin, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n kọ ohun tí wọn yóò kọ fún yín gbọ́: yíyin Ọlọ́run, ìkíni fún Ànábì, ìmọ̀ràn fún àwọn aláàwẹ̀, àti oríkì àdúgbò. Kò sí níná owó fún olórin, torí pé bí ẹnì kan bá ti na owó, orin ti kúrò lórí ààwẹ̀, ó ti di oríkì onítọ̀hún, wọn kò sì ní dákẹ́ mọ́. Owó wọn ni kí ẹ fi sínú àpò ìwé, kí ẹ sì fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ kiri ní òru ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, ẹ gbà wọ́n láàyè láàrin aago mẹ́ta àbọ̀ sí aago mẹ́rin àbọ̀, láìlo àpótí ohùn, kí wọ́n sì fo ilé tí aláìsàn tàbí ìyá ọmọ tuntun wà. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò ṣáájú, kí ẹ fún wọn ní orúkọ àwọn ọmọ náà.

Ìgbésẹ̀ keje: kíkó ilẹ̀

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àṣámù, ẹ ya àwo àwọn alásè, ti àwọn akọrin àti ti àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ni wọ́n máa ń padà sílé pẹ̀lú ebi. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀: ẹ dì í lọ́wọ́ kan fún àwọn tí kò lè jáde nílé. Ọ̀rá omi ni ẹ ó ṣà jù, kí ẹ sì fi àpò ńlá mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó lè dín kù. Ẹ ka ẹní, ẹ ka kúlà, ẹ sì fi orúkọ ilé tí a ti yá wọn sí abẹ́ wọn kí ẹ tó gbé wọn wá. Kẹ́tù àlùwàlá ni ó máa ń dín jù, nítorí náà ẹnì kan ni kí ẹ fi ṣọ́ wọn láti ìgbà tí ìrun Màgàríbà bá ti parí.